Ikú Yẹ̀ Tán, Ta Ni Yóò Gbé Wa Dìde?

Àwọn àgbà ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun kan wà láàárín àrùn àti ikú tí òwe yìí kò dárúkọ. Bí ikú bá yẹ̀ ńkọ́, tí àrùn náà sì ti lọ, ṣùgbọ́n tí ó mú apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan lọ? Ta ni yóò wo ìyẹn?

Àbúrò ìyá mi kan wà ní Rẹ́mọ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Elépo. Epo pupa ló ń tà. Ní ọjọ́ ọjà, ó lè gbé garawa epo sọ̀ kalẹ̀ láti inú lọ́rì láìké sí ọkùnrin kankan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ó fẹ́ dìde lórí ẹní, apá ọ̀tún kò dá a lóhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò dá a lóhùn, ẹnu sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e dé ọsibítù. Kí a má purọ́, wọ́n ṣe gudugudu méje níbẹ̀, wọ́n fà á yọ lẹ́nu ikú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ní kí a máa gbé e lọ sílé, wọ́n sì fún wa ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí ẹni tó sọ fún wa bí yóò ṣe máa jókòó, bí yóò ṣe máa dìde, tàbí bí ó ṣe lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo ró ìró.

A fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ìfẹ́ yẹn gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. A tẹ́ ẹ sí yàrá ẹ̀yìn. À ń fi ṣíbí bọ́ ọ, à ń wẹ̀ fún un, à ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ gbìyànjú láti jókòó, gbogbo wa a pariwo pé, "Màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Kó tó di oṣù mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún ti ká kò sí àyà, kò ṣeé nà mọ́, egbò sì ti dá sí i ní ìbàdí. Ó dákẹ́ láìfọhùn púpọ̀. Àwa rò pé bí àìsàn náà ṣe ń lọ nìyẹn.

N ó padà sórí ọ̀rọ̀ Màmá Elépo. Òun ló mú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn iṣẹ́ ìṣègùn kan tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn ìtọ́jú tó ń gbé ènìyàn dìde lẹ́yìn tí ikú bá ti yẹ̀, tó ń mú un padà bọ̀ sípò nínú ilé, ní ọjà àti lẹ́nu iṣẹ́. Ìtàn náà gba Ìgbóbì kọjá, ó gba Ìbàdàn, ó sì dé Ṣàgámù.

Ẹni òòṣà

Kì í ṣe pé àwọn baba ńlá wa kò mọ̀ pé aláàbọ̀ ara wà. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ọbàtálá, tí wọ́n ní ó mu ẹmu nígbà tó ń mọ ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì, ló bá mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ afín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti di ẹni òòṣà, tí àwọn olùsìn Ọbàtálá kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹmu. Ẹni tó bá fi ẹni òòṣà ṣe yẹ̀yẹ́, òòṣà ló ń bá jà. A kì í ka ìka ọwọ́ oníka mẹ́sàn-án lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ láyé ló ní irú rẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Bí òòṣà bá ti fọwọ́ sí i pé kí ẹsẹ̀ ọmọ rọ, ta ni èmi tí n ó tún un ṣe? Ìgbàgbọ́ yìí gba arọ lọ́wọ́ ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì gbé e dìde. Nínú ilé mìíràn pàápàá, ìtìjú ni wọ́n ń fi aṣọ òòṣà bò, wọ́n á ti ọmọ náà mọ́ yàrá kí àlejò má bàa rí i.

Àwọn kan wà ṣá tí wọn kò gbà pé kí ohun tó ṣẹ́ wà ní ṣíṣẹ́. Àwọn tó ń to eegun ni mò ń wí. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń ṣe é, baba ń kọ́ ọmọ. Ní 1872, nígbà tí àwọn ìlú Rẹ́mọ kóra jọ sójú kan tí wọ́n dá Ṣàgámù sílẹ̀ kí wọ́n lè dáàbò bo ara wọn, ogun ló gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Kò sí ọsibítù kankan ní àyíká. Ta ló ń tọ́jú ẹni tó ṣẹ́ lápá, bí kì í bá ṣe wọn?

Wọn á fọwọ́ wá ibi tó ṣẹ́, wọn á fà á tọ́, wọn á fi igi pẹlẹbẹ tàbí ọparun dì í, wọn á sì máa fi òrí wọ́ ọ. Àwọn mìíràn a ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀ ní ojú kan náà, wọ́n ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń to eegun mọ̀ pé eegun kì í jinná lọ́jọ́ kan, pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ ọ, àti pé ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ padà rìn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń kúrò ní ọsibítù lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí owó, àti nítorí ẹ̀rù pé dókítà yóò gé ẹsẹ̀.

Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé níbi tí wọ́n ti sá fún gígé gan-an ni ọ̀pọ̀ ti lọ bá a. Bí a bá di apá tó ṣẹ́ pinpin, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè gbà á kọjá. Ní ọjọ́ mélòó kan, ìka á dúdú, á máa rùn, kò sì sí ohun tí dókítà tún lè ṣe ju kó gé e lọ. Àwọn dókítà eegun káàkiri Nàìjíríà ti kọ̀wé léraléra pé dídì pinpin yìí wà lára ohun tó ń fa gígé apá àti ẹsẹ̀ jù, pàápàá lára ọmọdé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n bí a bá pẹ́ kí a tó wá oògùn, bíbẹ́ ló ń kù.

Ogun Hitler àti Ìgbóbì

Ìtọ́jú ìgbéni-dìde ti òde òní, ogun ló bí i. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní ogun Hitler, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà wọ ṣòkòtò sójà. Àwọn kan jà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, àwọn mìíràn wọkọ̀ ojú omi lọ sí Burma pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tí wọn kò kú padà dé láìní ẹsẹ̀, láìní apá, tàbí pẹ̀lú eegun tí kò jinná dáadáa. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò lè dá wọn padà sí abúlé bẹ́ẹ̀. Ní Ìgbóbì, ní Èkó, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ níbi tí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ti lè kọ́ bí a ṣe ń tún ara lò.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1945, ibùdó náà di ọsibítù eegun fún gbogbo ará ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Henry Laycock sì ni olórí dókítà ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣèbẹ̀wò sí Nàìjíríà ní 1956, wọ́n fi orúkọ ọba kún orúkọ rẹ̀. Ní 1979 ó bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Títí dòní, bí ẹnìkan bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá tó sì le, ohun tí ẹ óò gbọ́ ni pé, "Ẹ gbé e lọ Ìgbóbì."

Ìgbóbì yìí kan náà ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Físíò ni àwọn tó ń fi ìdárayá, ìwọ́ra àti irinṣẹ́ dá agbára padà sí ẹ̀yà ara. Ní 1945 ni ìjọba mú òyìnbó méjì wá, Miss Manfield àti Ọ̀gbẹ́ni Williams, láti ṣe iṣẹ́ náà àti láti kọ́ àwọn ọmọ wa bí a ṣe ń ranni lọ́wọ́ nídìí rẹ̀.

Ká má rò pé a ti pẹ́ jù lẹ́yìn ayé nígbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ọdún kan péré ṣáájú, ní 1944, ni dókítà kan tó sá fún Hitler láti ilẹ̀ Jámánì, Ludwig Guttmann, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Stoke Mandeville lórí àwọn sójà tí ogóòró ẹ̀yìn wọn ti ṣẹ́. Ṣáájú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ de ikú. Egbò orí ibùsùn àti àìsàn ìtọ̀ ló ń pa wọ́n. Guttmann pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, lọ́sàn-án lóru. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n dìde jókòó, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n ṣeré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ tí eré Olympics ṣí ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 16 orí kẹ̀kẹ́ arọ ta ọfà díje nínú ọgbà ọsibítù rẹ̀. Ibẹ̀ ni eré Paralympics ti ṣẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn o: wákàtí méjì-méjì. A óò tún nílò rẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn Màmá Elépo.

Àrùn tó ń rọ ọmọ lẹ́sẹ̀

Sójà kó kúrò ní Ìgbóbì, ọmọdé kún ibẹ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló kó wọn dé. Kòkòrò rẹ̀ ń gba inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọ inú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ṣe ju ibà lásán lọ fún, ṣùgbọ́n lára àwọn mìíràn ó ń ba okùn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ jẹ́, ẹsẹ̀ á sì gbẹ bí igi. Ohun tó tún dákún un ni abẹ́rẹ́. Ní abúlé àti ní ìgboro, bí ara ọmọ bá ti gbóná, alábẹ́rẹ́ kiri á gún un ní ìdí. Bí kòkòrò yìí bá ti wà lára ọmọ náà, abẹ́rẹ́ lè mú kí ẹsẹ̀ tó gún rọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló gún okùn iṣan ńlá tó wà ní ìdí. Àwọn ìyá ń sọ pé, "Abẹ́rẹ́ ló rọ ọmọ mi lẹ́sẹ̀," àwọn ènìyàn sì ń dá wọn lóhùn pé ayé ni. Àwọn ìyá náà kò purọ́.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ti ṣètò pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ ní àwọn ọdún 1950. Ní 1979 tí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ tún gbàjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ di gómìnà, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára ohun mẹ́rin tí wọ́n fi polongo. Nǹkan ńlá ni. Àmọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ nìkan kò gbé ọmọ tó ti rọ dìde bí kò bá sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣí ọ̀nà ìyẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ físíò ní 1966. Ní 1988 ni òfin gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ tí yóò máa forúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní òun náà jẹ́ físíò.

Ní ti àrùn ọmọdé yẹn, ètò àjẹsára ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1979, ó sì gba wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò ojúlówó àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ti mú kò kúrò ṣá o. Wọ́n ti di bàbá àti ìyá. Àwọn ni ẹ ń rí nínú sọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe, tí ẹ ń rí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí ẹ sì ń rí tí wọ́n ń fọwọ́ rìn láàárín mọ́tò.

Títì márosẹ̀

Bí àrùn ọmọdé ti ń dínkù, ohun mìíràn dé tó ń sọni di aláàbọ̀ ara. Nígbà kan, ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn gba Ìkòròdú wọ Ṣàgámù, lọ́rì obì sì ni ọba ọ̀nà. Ní 1978 wọ́n ṣí títì márosẹ̀, kìlómítà 127 àti díẹ̀, tó gba etí Ṣàgámù àti Ògèrè kọjá. Ṣàgámù náà ni títì Ọ̀rẹ̀ àti Bìní ti yà. Ohun gbogbo tó bá ń ti Èkó lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn tàbí òkè ọya, Rẹ́mọ ni ó ń gbà. Ọjà dé, owó dé, ikú náà dé. Ojú wa rí i: tánkà, tírélà, bọ́ọ̀sì elérò méjìdínlógún tí táyà rẹ̀ ti jẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, wà lára àwọn tó pariwo jù lórí ikú títì. Wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága.

Iye òkú la máa ń gbọ́ nínú ìròyìn. "Ènìyàn mẹ́jọ kú, mẹ́wàá fara pa." Ẹ ti bèèrè rí pé kí ló dé bá àwọn mẹ́wàá yẹn? Ẹlòmíràn nínú wọn, mọ́tò kọ́ ló ba ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tán, àwa tí a yọ ọ́ ni. Àánú ṣe wá, a fà á ní apá àti ẹsẹ̀, a ká a bí aṣọ sínú takisí. Ẹni tí ogóòró ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ṣẹ́, gbọọrọ bíi pákó ló yẹ kí a gbé e, kí orí, ọrùn àti ẹ̀yìn wà ní ìlà kan, kí ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn tó wà nínú ogóòró ẹ̀yìn, bó bá já, kì í so padà.

Ní 1986 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ ọsibítù tó wà ní Ṣàgámù di ọsibítù ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti 2001 ni yunifásítì náà ti ń jẹ́ Olábísí Ọnàbánjọ. Bí ọsibítù náà ṣe wà nítòsí ìkòríta títì méjèèjì, ibẹ̀ ni wọ́n ń sáré gbé àwọn tó fara pa lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé àwọn dókítà Ṣàgámù fi hàn pé títì nìkan kọ́. Ní 2005 wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde lórí ohun tó lé ní 700 aláìsàn rọpárọsẹ̀ tí wọ́n tọ́jú láàárín ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló kú kí oṣù kan tó pé. Ìyẹn burú. Àmọ́ èmi kà á tán, mo tún un kà, mo sì ń ro ti àwọn mẹ́fà tó kù. Màmá Elépo jẹ́ ọ̀kan nínú irú wọn.

Àwọn dókítà ọmọdé ní Ṣàgámù náà ti kọ̀wé lórí ọmọ tuntun tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí àtàlẹ̀. Bí wọn kò bá tètè gbé e dé ọsibítù kí wọ́n fi iná ìtọ́jú sí i lára tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ohun pupa yẹn á wọ ọpọlọ, ọmọ náà á dàgbà láìlè gbé ọrùn, láìlè jókòó, láìgbọ́ràn. Ọ̀kan nínú ohun tó ń fà á nìyí, ẹ̀yin ìyá: káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ kí aáyán má bàa jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan wà, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, tí òórùn káńfọ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Ẹ kó káńfọ̀ jù sẹ́yìn ilé.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Ẹlòmíràn á ní, "Físíò kẹ̀? Ṣé kí wọ́n máa wọ́ mi lẹ́sẹ̀ lásán ni n ó ṣe máa sanwó?" Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, apá kan nínú ọpọlọ ló kú. Apá tó yè lè kọ́ díẹ̀ nínú iṣẹ́ apá tó kú, ṣùgbọ́n bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ìwé ni, àkọ́túnkọ́. Bí a kò bá lo ọwọ́ náà, ọpọlọ á gbàgbé pé ọwọ́ wà níbẹ̀, iṣan á sì sún kì. Oṣù àkọ́kọ́ sí oṣù kẹfà ni ẹ̀kọ́ náà ń wọlé jù. Àwa wá tẹ́ Màmá sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà yẹn gan-an.

Iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ibùsùn. Wọn á yí aláìsàn padà ní wákàtí méjì-méjì, wọn á máa ká gbogbo oríkèé, wọn á sì máa nà án, kó má bàa gan. Lẹ́yìn náà á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á dìde dúró, á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé èkejì. Ẹni tó bá ń lo ọ̀pá abẹ́ abíyá, wọn á kọ́ ọ pé ọwọ́ ni kó fi gbé ara, kì í ṣe abíyá, torí pé iṣan abíyá lè kú. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, wọn á fi báńdéèjì di kùkùté ẹsẹ̀ náà kó lè rí gbọọrọ, kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó lè wọ̀ ọ́. Ọmọ tí a bí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ sínú, P.O.P. ni wọn á máa fi dì í, wọn á máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn á sì máa tọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà á bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn ni láti kọ́ni bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan wọ bùbá, bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan gé ẹ̀fọ́, bí a ṣe ń dé ilé ìyàgbẹ́ láìké sí ẹnikẹ́ni. Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn yẹn. Iyì àgbàlagbà wà níbẹ̀.

Òfin wà, àtẹ̀gùn náà wà

Ìjọba ológun ṣe òfin kan fún aláàbọ̀ ara ní 1993. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àbọ̀ ara dí ènìyàn lọ́wọ́. Ó ní owó ìtanràn nínú, ó ní ẹ̀wọ̀n nínú, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo báńkì tó wà ládùúgbò yín, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí yín, ẹ wo ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà?

Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń tọrọ. Ní 1992, ní Barcelona, ọmọ Yorùbá kan, Ajíbọ́lá Adéoyè, tó ní àbùkù apá, sá eré mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 10.72, ó sì gba wúrà. Mélòó nínú àwa olówó apá méjì ló lè rí ẹ̀yìn rẹ̀?

Àmọ́ gbogbo ènìyàn kọ́ ni yóò sáré ní Barcelona. Ọ̀pọ̀ kàn fẹ́ dé ọjà ni. Ọsibítù ńlá nìkan kò lè ṣe é. Ta ni yóò máa wọ mọ́tò láti Ìsarà dé Ṣàgámù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tó sì jẹ́ pé mọ́tò kan kò fẹ́ gbé e, èkejì ní kó san owó ènìyàn méjì? Lẹ́yìn ìpàdé Alma-Ata ní 1978, Àjọ Ìlera Àgbáyé mú ìmọ̀ràn kan wá: kí ẹ gbé ẹ̀kọ́ náà lọ sílé. Ní 1989 wọ́n tẹ ìwé tó kún fún àwòrán, kí ará ilé lè fi kọ́ bí òun ṣe máa ran ènìyàn tirẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ilé Yorùbá, níbi tí ìyá, ọmọ, ìyàwó ilé àti ọmọ ọmọ ti ń gbé ojú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ti wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn wọ́n ló ṣọ̀wọ́n.

Bí ẹ bá ní aláìsàn ní ọsibítù, kí ẹ tó gbé e kúrò, ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta: "Ẹ fi hàn wá bí a ó ṣe máa yí i padà. Ẹ fi hàn wá bí a ó ṣe máa gbé e jókòó. Níbo la ti lè rí físíò?" Ẹ má tijú. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọjọ́ tí Màmá sọ̀kalẹ̀

Ní ọdún Kérésì, ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan wá sílé láti ìlú òkèèrè. Físíò ni. Ó wọlé láti kí Màmá Elépo, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìnira, Màmá." Ó ṣí aṣọ, ó wo ọwọ́, ó wo egbò. Kò bá wa jà. Ó kàn bèèrè pé, "Ta ló ń tọ́jú Màmá lóru?" Àbúrò mi obìnrin ní òun ni. Ó pè é mọ́ra, ó fi han òun nìkan bí a ṣe ń yí i padà, wákàtí méjì-méjì, bí a ṣe ń ká ẹsẹ̀, bí a ṣe ń gbé e jókòó láìfà á lápá. Kí ó tó padà síbi iṣẹ́, ó ti wá nígbà mẹ́rin.

N kò ní sọ fún yín pé Màmá tún gbé garawa epo. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn kò nà tán títí ó fi jáde láyé. A ti pẹ́ jù kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n egbò jinná. Nígbà tí ọdún Àjíǹde dé, ó ti lè jókòó lórí àga. Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ó ti ọ̀pá, ó wọ́ ẹsẹ̀ jáde láti yàrá ẹ̀yìn, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó sì jókòó síta. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí a gbé epo wá kí a rọ ọ́ sínú ìgò. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbowó. Ọdún mẹ́rin ló fi tà á níbẹ̀, ó sì ń bá àwọn oníbàárà jà lórí ṣéńjì bíi ti àtijọ́.

Ní ọjọ́ kan ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin rò pé mo ti kú tẹ́lẹ̀ ni?"

N kò rí èsì fọ̀ fún un.